Ohùn Tí Ògiri Yá Lò

"Mi ò fẹ́ ẹja! Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀ ẹja?"

Ògiri kò bínú. Ògiri kì í bínú, ohun tó sì máa ń dun Tẹjúmọ́lá jù nípa rẹ̀ nìyẹn, torí bí orí èèyàn bá gbóná, á fẹ́ kí ti ẹnì kejì náà gbóná díẹ̀. Àwọn ẹja pupa wẹ́wẹ́ ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri lójú ògiri èbúté náà, nínú àpótí onídígí kan tí iná aláwọ̀ aró tàn sí nínú. Ohùn Ìyáàfin Adéṣànyà, tó kọ́ ọ nígbà tó wà ní ìwé kẹta, tún jáde jẹ́jẹ́, etí Tẹjúmọ́lá nìkan ló sì ń wọ̀.

"Tẹjúmọ́lá, fara balẹ̀. Ẹ̀bùn tí o fẹ́ rà fún bàbá rẹ la jọ ń wá. Bàbá rẹ fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́. Ẹja kì í pariwo. Ó yẹ wọ́n."

"Etí ni mo fẹ́ rà. Etí tí wọ́n á fi gbọ́ràn."

"Wọ́n ti kọ etí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ̀ ọ́. Ṣé kí n sọ ìdí tí mo fi gbà pé ẹja ló yẹ wọ́n?"

"Má sọ ọ́."

"Ìdí àkọ́kọ́ ni pé..."

Tẹjúmọ́lá fi àtẹ́lẹwọ́ lu ògiri náà gbàmù. Àwọn ẹja inú àwòrán sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí wọ́n ti kọ́ wọn pé kí wọ́n máa sá. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó tò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó fẹ́ ra ata, ògiri ò sì ní tà á fún un títí yóò fi bi í léèrè bí inú ọkọ rẹ̀ ṣe gba ata àná sí. Obìnrin yìí na ọrùn síwájú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹja náà, ká ríbi kọjá. Ṣebí ẹ lè fi sebẹ̀."

"Ẹja ọ̀ṣọ́ ni, àbúrò. Kò ṣeé jẹ."

"Kí ni wọ́n wá ń fi í ṣe?"

"Wọ́n ń wò ó ni," ni Tẹjúmọ́lá wí, ó sì yà kúrò lórí ìlà. 

Lábẹ́ gbogbo ògiri tó ń sọ̀rọ̀ ní Òkè-Ọ̀sà ni wọ́n kan páálí irin kan mọ́, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé: OHUN TÍ KÒ YẸ ẸNI, A KÒ NÍ TÀ Á FÚN UN. Òfin Àṣedànù nìyẹn. Àwọn tó dàgbà bíi ti bàbá Tẹjúmọ́lá ṣì rántí ìgbà tí ẹrù tí èèyàn rà tí wọn ò lò dí ojú ọ̀sà pa, tí omi sì gbé ìlú àtijọ́ lọ. Láti ìgbà náà ni ìsọ̀ ti pa rẹ́, tí ọlọ́jà sì ti pa rẹ́ pẹ̀lú. Ìpolówó nìkan ló kù, òun náà ló wá di ọlọ́jà àti dókítà àti alámọ̀ràn. Ó-Yẹ-Yín ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Yóò bi ọ́ léèrè, ìwọ náà á dáhùn, yóò sì sọ ohun tó yẹ ọ́. Èyí tó bá ní kò yẹ ọ́, o lè máa wò ó lókèèrè.

Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni ohùn. Ẹni tí ọkàn rẹ gbà gbọ́ jù lọ, ohùn rẹ̀ ni Ó-Yẹ-Yín máa ń yá lò fún ọ. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe ń mọ̀ ọ́n. Tẹjúmọ́lá ti di àgbà obìnrin, atukọ̀ tó ń kó èrò kọjá ọ̀sà láàárọ̀ àti lálẹ́ ni, síbẹ̀ bí Ìyáàfin Adéṣànyà bá ti ní "fara balẹ̀" báyìí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á fẹ́ lọ pàdé lẹ́yìn bíi ti ọmọ iléèwé. Ó kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń bi ọmọnìkejì rẹ̀ pé ohùn ta ni ògiri fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ inú yàrá ni wọ́n kà á sí, àní láàárín ọkọ àti aya.

Bàbá ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù tó kọjá ni ọmọlanke kan tó ń dá rìn fúnra rẹ̀, tó kó àlùbọ́sà, bá a láàárín títì. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ṣe ni ọmọlanke náà ń ké pé kó yà, tí Bàbá sì dúró gbagidi síbẹ̀ tí kò mira. Ó kọlù ú, ó sì dá a lọ́rùn ọwọ́. Láti ọjọ́ náà ni Tẹjúmọ́lá ò ti lè tukọ̀ kó fọkàn balẹ̀. Bó bá ti gbọ́ ariwo ní etíkun báyìí, á rò pé bàbá òun ni wọ́n tún gbá lulẹ̀ níbì kan.

Ilé Ẹ̀bẹ̀ ló gbà lọ. Ibẹ̀ nìkan ló kù ní Òkè-Ọ̀sà tí èèyàn ti lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ògiri wí. Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì ló jókòó sídìí tábìlì, arúgbó onírùngbọ̀n funfun kan tó ń pa awùsá jẹ, tó sì ń kó èèpo rẹ̀ sí orí ìwé òfin.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá."

"Òo. Kí ni ògiri tún ṣe?"

Ó rojọ́ fún un. Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì gbọ́ ọ tán, ó nu ọwọ́, ó sì pe àwòrán Bàbá jáde sórí tábìlì. Ìgbà mẹ́ta tí Bàbá ti kọ etí náà ló wà níbẹ̀. Bàbá nìkan ni wọ́n ń rí, òun nìkan ni wọ́n sì ń gbọ́, torí òfin ò gbà kí ẹlòmíràn gbọ́ ohùn tí ògiri fi bá a sọ̀rọ̀.

Nínú àwòrán náà, Bàbá dúró níwájú ògiri pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó fetí sílẹ̀ díẹ̀. Ó wá ń ṣu ẹnu jọ.

"Kí ni èyí? Ike ni. Ike lásán-làsàn. Ta ni ó fẹ́ kó ike sétí? Ẹ gbé e kúrò níwájú mi, mi ò fẹ́."

Ó yíjú, ó ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìsépo ọ̀nà, ó dúró. Ó bojú wẹ̀yìn. Ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń retí nǹkan, kó tó wá kọrí sílé. Bó ṣe ṣe lọ́jọ́ kejì náà nìyẹn, àti lọ́jọ́ kẹta.

Tẹjúmọ́lá fò dìde lórí àga.

"Wọ́n ń nájà ni! Ọ̀gá, ẹ wò ó, wọ́n ń nájà!"

Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀gá. Bàbá mi nìyẹn! Nígbà tí ọjà ṣì wà, bí wọ́n bá rí ẹní tó wù wọ́n dé ọkàn, wọ́n á ní ó ń rùn. Wọ́n á ní eku ló hun ún. Wọ́n á wá máa lọ, wọ́n á máa rọra rìn, títí ẹlẹ́ní yóò fi pariwo pé, Bàbá, ẹ padà wá, ẹ mú un lọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi a máa sá pa mọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ tún un wò, níbi ìsépo ọ̀nà yẹn. Kí ni wọ́n ń dúró dè? Wọ́n ń dúró kí ògiri pè wọ́n padà ni!"

"Mo rí i," ni Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì wí. "Ìyá tèmi náà nìyẹn. Aṣọ tó bá fẹ́ràn jù ló máa ń pè ní àkísà."

"Ẹ ṣàlàyé fún un nígbà náà."

"Fún ta ni? Ṣé fún ògiri? Ìyá Ọlọ́kọ̀, ẹ jókòó, ẹ gba awùsá. Àwọn tó kọ́ Ó-Yẹ-Yín tọ àwọn àgbà oníṣègùn etí lọ, wọ́n sì kó gbogbo ọgbọ́n wọn jọ sí i nínú. Bí etí bá ń hó, kí ni ká ṣe? Bí arúgbó bá ń yí rédíò sókè, kí ló túmọ̀ sí? Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀. Kò wá sẹ́ni tó rántí lọ bi ọlọ́jà léèrè. Bí èèyàn bá ní òun ò fẹ́ nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí nìyẹn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti ti ìlẹ̀kùn."

"Báwo la ṣe ń ṣí i?"

"Bàbá á wá fúnra wọn. Wọ́n á sọ fún ògiri pé irọ́ ni wọ́n pa fún un. Wọ́n á sì gba ìdákẹ́."

Tẹjúmọ́lá mọ ìdákẹ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá purọ́ fún Ó-Yẹ-Yín, ògiri kankan ò ní bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́fà gbáko, kò sì ní rí ohunkóhun rà, àfi èyí tí ẹlòmíràn bá bù fún un nínú tirẹ̀. Oúnjẹ ṣeé bù. Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí Bàbá ń lò, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sí i, ẹlòmíràn ò lè rà á fún un.

"Ẹ fẹ́ pa wọ́n nìyẹn."

"Èmi kọ́. Òfin ni." Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì tún fọ́ awùsá kan, ó wo ojú fèrèsé. "Etí kò dà bí oògùn ṣá o. Wọn kì í kọ orúkọ sí i lára. Ẹni tó bá gbà á ló ni ín, ẹni tó bá sì wù ú ló lè fún. Mi ò sọ nǹkan kan o. Ó dàbọ̀."

Tẹjúmọ́lá jáde síta, ó dúró sójú oòrùn. Ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì kò sọ ti yé e. Òun fúnra rẹ̀ lè lọ sọ́dọ̀ ògiri elétí, kó ní òun ò gbọ́ràn mọ́, kó gba etí, kó sì gbé e fún Bàbá. Kò ṣòro. Àmì atukọ̀ tó wà láyà rẹ̀, tó ń tàn bí ewé tuntun, nìkan ló ṣòro. Atukọ̀ tí kò gbọ́ràn ò lè gbọ́ fèrè ọkọ̀ mìíràn bí kùrukùru bá bo ọ̀sà. Bó bá ti di adití nínú ìwé ògiri báyìí, àmì náà á kú, ọkọ̀ ò sì ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Ó bínú sí Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì, ó bínú sí Òfin Àṣedànù. Ó wá bínú sí Bàbá jù wọ́n lọ. Èèyàn á wà láyé, gbogbo ayé á ti yí padà, òun á ṣì máa nájà! Pẹ̀lú ta ni? Kí ló máa ná wọn bí wọ́n bá ní "ẹ ṣé, mo fẹ́ ẹ" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú títì, àwọn tó ń kọjá sì rò pé ògiri ló ń bá wí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bínú náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ. Ó rí bàbá rẹ̀ lójú inú láàárín títì, tí ọmọlanke ń bọ̀, ó sì mọ̀ pé òun ti pinnu.

Ògiri elétí wà nínú ilé kékeré kan tí wọ́n fi tìmùtìmù bo inú rẹ̀. Ó jókòó. Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú ògiri, òun náà sì ń fi ìka tẹ èsì rẹ̀. Láti ìgbà wo? Etí wo ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀? Ṣé tòsí omi lo ń gbé? Ó tẹ̀ ẹ́ pé, "Kí ló dé tí o fi ń bi mí bẹ́ẹ̀?" Ògiri dáhùn pé àwọn oníṣègùn ní bí èèyàn bá ń gbé létí omi, tó sì ń wẹ̀ níbẹ̀, kí òun kọ́kọ́ wádìí bóyá omi ló wà nínú etí rẹ̀. Tẹjúmọ́lá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Omi ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti kékeré, kò tíì wọ etí rẹ̀ rí.

Ìdánwò ló kàn. Ìró òjò dún sí etí ọ̀tún rẹ̀. Kò mira. Ọ̀bẹ bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gànràn. Kò yíjú. Lẹ́yìn náà ni fèrè ọkọ̀ dún láti ọ̀nà jíjìn, fèrè tí atukọ̀ kan fi ń bi èkejì rẹ̀ pé, "Níbo lo wà?" Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti gbéra kó lọ fa fèrè tirẹ̀ kó tó rántí. Ó rọra yí i padà, ó fi tún gèlè ṣe, ó wá jókòó lé e lórí.

Nígbà tí ògiri wá sọ̀rọ̀, ohùn Ìyáàfin Adéṣànyà ló lò, ó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ débi tó fi dà bí ẹni pé ó dúró lẹ́yìn èjìká rẹ̀.

"Tẹjúmọ́lá. Nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́ lọ́dún yẹn, ìwọ ni mo fẹ́ràn jù. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí."

Ó ti ń retí kí ẹnì kan sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún un láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó wo ọ̀kánkán bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Omijé kan yọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀, kò sì rí ọ̀nà dá a padà.

Ìbéèrè kan hàn lójú ògiri: KÍ LÓ FA OMIJÉ?

Ó na ọwọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ pé: "Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń dùn mí ni."

Ó YẸ YÍN, ni ògiri kọ. Àpótí kékeré kan já bọ́ sínú agbọ̀n ìsàlẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀ mú un, àmì àyà rẹ̀ ti kú pátápátá, ó dúdú bí èédú.

Bàbá jókòó lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó délé. Ó ń fi ọwọ́ kan ṣa ẹ̀wà nínú àwo, ọwọ́ kejì tó dá ṣì wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́ ọrùn. Síléètì kékeré kan rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, gbogbo ohun tí Tẹjúmọ́lá bá sọ ló máa ń hàn ní kíkọ níbẹ̀. Láti ìgbà tí síléètì ti wọlé ni Tẹjúmọ́lá kò ti ṣe wàhálà ariwo mọ́. Láti ìdáná ni yóò ti sọ̀rọ̀, Bàbá á kà á nínú pálọ̀, yóò sì dá a lóhùn.

"Ẹ káalẹ́ o, Bàbá."

"Àmọ̀kẹ́, káàbọ̀. Báwo lọkọ̀?"

Tẹjúmọ́lá ṣí àpótí náà, ó gbé etí jáde. Kò tó èkúrọ́ kan. Ó gbé e síwájú Bàbá tẹ̀rín-tẹ̀rín, torí láìka gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí sí, inú rẹ̀ ti ń dùn díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ lọ́nà.

"Mo rà á fún yín. Ẹ fi sétí."

Bàbá ka síléètì. Ó wo etí náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó tún wo etí náà. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó rí bí ojú Tẹjúmọ́lá ṣe tàn. Ó gbà á, ó sì fi sétí.

"Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ọ."

Ògiri kan wà ní òdì kejì títì. Iná rẹ̀ ṣẹ́jú. Tẹjúmọ́lá ò gbọ́ nǹkan kan, torí òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí, ṣùgbọ́n ó rí ojú bàbá rẹ̀. Ó rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe là díẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Bàbá yọ etí náà, ó gbé e sórí ẹ̀wà, ó sì ti àwo náà kúrò níwájú ara rẹ̀.

"Gbé e lọ. Mi ò fẹ́."

Gbogbo ìbínú ọjọ́ náà ló rú jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má tún bẹ̀rẹ̀! Ta lẹ fẹ́ bá nájà níbí? Mo ti rà á! Kò sí ẹni tí yóò pè yín padà!"

Bàbá ka gbogbo rẹ̀ tán, kò fò kankan.

"Ta ló ń nájà?" ló béèrè. "Mo ní mi ò fẹ́, mi ò fẹ́ náà ni mo wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ògiri bi mí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a lóhùn. Ìwọ, ìgbà wo lo bi mí?"

"Ẹ bojú wẹ̀yìn! Mo rí yín nínú àwòrán níbi ìsépo ọ̀nà, ẹ dúró, ẹ ń retí..."

"Ó pè mí ni."

"Ta ló pè yín?"

Bàbá ń wo ilẹ̀. Tẹjúmọ́lá rántí pé ohun tí èèyàn kì í bi èèyàn lòun bi bàbá òun yẹn, ojú sì tì í. Ó fẹ́ ní kó má wulẹ̀ sọ ọ́ mọ́.

"Ìyá rẹ," ni Bàbá wí.

Láti ìgbà tí ìyá Tẹjúmọ́lá ti kú, wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀ nínú ilé náà. Bàbá wá ń sọ ọ́ báyìí, ohùn rẹ̀ sì ga jù, bí ohùn adití ṣe máa ń ga.

"Ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Bó ṣe máa ń fà á gan-an, 'Bàbá Tẹjúú.' Ó ní kí n wá ra etí, mo ní mi ò fẹ́, mo sì ń lọ. Ó tún pè mí. Ta ni aya rẹ̀ á pè tí kò ní bojú wẹ̀yìn? Tòwúrọ̀ tìrọ̀lẹ́ ló ń pè mí, Àmọ̀kẹ́. 'Bàbá Tẹjú, bàtà yìí yẹ yín. Bàbá Tẹjú, ẹ ra ọṣẹ.' Gbogbo ọdún tá a fi gbé pọ̀, ìyá rẹ ò ta nǹkan kan fún mi rí. Mo wá dúpẹ́ nígbà tí etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í di. Mo ní kí ó kúkú di pátápátá."

"Ọmọlanke yẹn ńkọ́? Ó kọlù yín torí pé ẹ ò gbọ́ ni!"

Bàbá ka ìyẹn, ó sì mi orí.

"Mo ṣì ń gbọ́ díẹ̀ nígbà yẹn. Ohùn rẹ̀ náà ni ọmọlanke yẹn lò fún mi. 'Bàbá Tẹjú, ẹ yà lọ́nà.' Mo gbọ́ ọ ketekete. Ìyẹn ni mo fi dúró. Mo fẹ́ kó tún mi pè lẹ́ẹ̀kan sí i."

Tẹjúmọ́lá wo etí tó wà lórí ẹ̀wà.  Bó tilẹ̀ mọ̀ pé ohùn mìíràn ni ògiri ń lò fún òun, ó wù ú, ó wù ú gidigidi, kó gbé e sétí ara rẹ̀, kó fi gbọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ìbáà jẹ́ ọṣẹ ló ń polówó. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbẹ̀. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí náà.

"Kì í ṣe òun," ni Bàbá wí.

Ó bọ́ síléètì náà lọ́rùn, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, bí ẹni tó ti parí ọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Tẹjúmọ́lá wá la ẹnu, ṣùgbọ́n Bàbá ò wo síléètì mọ́.

"Iṣẹ́ mi ti lọ," ló wí.

"Hẹn?"

"Mo ní iṣẹ́ mi ti lọ! Wọ́n ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi nítorí yín!"

Bàbá ń wo ẹnu rẹ̀, kò gbọ́. Tẹjúmọ́lá fẹ́ kígbe, ó fẹ́ fọ́ síléètì, ó fẹ́ fọ́ gbogbo ògiri tó wà ní Òkè-Ọ̀sà. Ó wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó gbé ẹnu lé etí bàbá rẹ̀ gan-an, ó sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sọ ti Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì, ó sọ ti fèrè tó mú kó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀. Ó sọ irọ́ tó pa, kò fi ìkankan pa mọ́.

Bàbá fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"O rí i pé mò ń gbọ́," ló wí, "bó o bá sún mọ́ mi."

"Kí ni ká wá ṣe?"

"Ká dá a padà. Lọ sọ fún wọn lọ́la pé irọ́ lo pa, kí wọ́n fún ọ ní ọkọ̀ rẹ."

"Bàbá, ìdákẹ́ ni o! Oṣù mẹ́fà ni. Mi ò ní rí iyọ̀ lásán rà."

"Ògiri ń kọ̀wé sí èmi. Èmi ni n ó máa rà á."

"Ìpín ẹnì kan ni wọ́n ń tà fún yín."

"A ó jọ jẹ ẹ́."

Tẹjúmọ́lá gbé orí lé apá àga náà. Ó rẹ̀ ẹ́ dé eegun. Ó tún gbé ẹnu sí etí Bàbá, ó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́, torí ọ̀rọ̀ náà le lẹ́nu rẹ̀.

"Àgbà bíi tèmi, kí bàbá mi máa bọ́ mi? Ojú á tì mí."

Bàbá fa àwo ẹ̀wà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á.

"Mo ti bọ́ ọ rí," ló wí. "Ojú ò tì ọ́ nígbà yẹn."